Ẹ má ki ìrẹsì sínú tẹ́dì ọmọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó bébà àti tàdáwà náà, nítorí mo mọ̀ pé kò rọrùn lásìkò yìí. Aránṣọ ni èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, ní Òkelele níbí ní Ìlọrin. Ọmọ Òrò ni mí, ilé ọkọ ló gbé mi dé ìlú ẹlẹ́ṣin. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tẹ máṣíìnì. Nígbà tí ẹ̀yìn mi ò gbà kí n máa fi òru gé aṣọ ẹbí mọ́, mo yí sí tẹ́dì rírán, ọmọlangidi onírun tí àwọn ọmọdé ń gbé káàkiri yẹn. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló ń bá mi ṣe é báyìí.

Ohun tí ẹ tẹ̀ sí ojú ewé obìnrin ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló mú mi gbé gègé. Ẹni tó kọ ọ́ sọ òótọ́ kan: tẹ́dì tó wúwo lọ́wọ́ làwọn èèyàn ń béèrè báyìí, èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbé e lé itan, ẹ óò mọ̀ pé nǹkan wà nítan yín. Àmọ́ ó wá ní kí obìnrin bu ìrẹsì agolo mẹ́rin sí ikùn rẹ̀, kó rán an pa, ó parí. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó bá mi kà á, bóyá ojú mi ni. Ojú mi kọ́.

Mo ti ki ìrẹsì sínú tẹ́dì rí. Ọdún 2021 ni. Àlájà kan ní Ọ̀fà ló ní kí n rán ọ̀kan fún ọmọ ọmọ òun tó ń pé ọdún mẹ́rin. Ìgbà ọyẹ́ ni, gbogbo nǹkan gbẹ. Mo ṣa ìrẹsì náà, mo yan án díẹ̀ nínú agbada, mo dà á sí ikùn tẹ́dì láìfi àpò kankan sí i, mo rán an pa. Ẹ wò ó, ó dára! Bí ẹ bá gbé e jókòó, ńṣe ló máa rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àmàlà yó. Àlájà sanwó, ó tún fi ẹ̀bùn lé e.

Ó di oṣù Keje, òjò ti ń rọ̀ dáadáa, fóònù mi dún. “Ìyá Alábẹ́rẹ́, ẹ wá wo ọmọ yín o.” Àyà mi já, mo rò pé nǹkan ti ṣe ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo wọkọ̀ Ọ̀fà lọ́jọ́ kejì. Tẹ́dì mi ni wọ́n gbé sínú báfù lórí pèpéle ìta, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kòkòrò dúdú kéékèèké ń jáde lábẹ́ etí rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn bí ìgbà tí ilé ìwé jáde, òmíràn á rìn dé imú, á yí padà. Eku ti dá ihò sí ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, ìrẹsì ń kán níbẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn ìyá àgbà, ó ní béárì òun ń yàgbẹ́ ìrẹsì. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí. Mo ní kí n dá owó padà, Àlájà ní owó kọ́ lọ̀rọ̀, kí n ṣáà bá òun gbé e kúrò nílé. Mo dì í sínú ọ̀rá méjì, mo gbé e lé itan padà sí Ìlọrin, gbogbo ọ̀nà ni mo sì fi ń tẹ kòkòrò pa lórí ìró mi kí ẹni tó jókòó tì mí má baà rí i.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé kòkòrò ìrẹsì kì í fi gbogbo ìgbà ti ìta wá. Abo rẹ̀ á dá ihò sí hóró, á yé ẹyin kan síbẹ̀, á sì dí ẹnu ihò náà padà, ojú ò ní rí i. Láti ọjà lẹ ti ra ìrẹsì tòun tẹyin. Yíyan tí mo yan án ò tó láti pa ohun tó wà nínú. Bí òjò bá wá dé, tí afẹ́fẹ́ tutù, ìrẹsì á máa fa omi, kòkòrò á máa bí sí i. Ẹ̀wà tilẹ̀ burú jù ú lọ, ẹ mọ bó ṣe ń di lúbúlúbú nínú àpò. Ọkà bàbà, jéró, àgbàdo, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ìyá ọlọ́mọ ń ra ìrẹsì ní agolo kan àbọ̀, ta ni ń fi agolo mẹ́rin ki ikùn ọmọlangidi?

Ọdún tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan wá láti ọ̀nà Omù-Àrán. Ó jókòó lórí àga oníbàárà, kò wo ọ̀kankan nínú àwọn tí mo so mọ́ ògiri. Ó fa káàdì ilé ìwòsàn yọ nínú báàgì rẹ̀, káàdì ìbímọ, ó fi ìka tọ́ka sí ibì kan: 2.8. Kílò nìyẹn. Ó ní òun fẹ́ tẹ́dì tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kó má lé, kó má dín. Mi ò bi í léèrè ọmọ náà. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ la ẹnu, mo ṣẹ́jú sí i.

Mo ti gbọ́ pé àwọn aránṣọ òkè òkun ń ṣe irú rẹ̀ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò dúró. Àmọ́ òkè òkun kọ́ ló wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà. Ìyá ìyá mi ní Òrò ni mo rántí. Ère ìbejì kan wà ní igun yàrá rẹ̀. Ó máa ń wẹ̀ ẹ́, ó máa ń fi osùn pa á lára, bó bá ń jáde á fi ìró gbá a mọ́ra. Mo gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí mo wà ní kékeré. Kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ, ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò. Wọ́n gbá mi létí fún un. Mùsùlùmí ni mí, mi ò ní ká padà síbẹ̀, mo kàn ń sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni. (Ẹni tó bá fẹ́ bi mí bóyá ẹ̀sìn gba ọmọlangidi, mo ti bi àáfà àdúgbò wa. Ó ní nínú hádíìsì, Nàná Áíṣà fi ọmọlangidi ṣeré nílé Ànábì. Mo bá tèmi lọ.)

Ohun tó dá mi lójú ni pé n kò gbọdọ̀ fún obìnrin yìí ní nǹkan tí kòkòrò máa jáde lára rẹ̀ lóṣù Keje.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wọn nǹkan nìyẹn. Ọmọ mi ọkùnrin ra òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì fún mi, irú èyí tí àwọn oníkéèkì ń lò. Mo fọ agolo mílíìkì olómi kékeré kan, mo gé ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Mò ń bu nǹkan sí i, mò ń fi rúlà gé orí rẹ̀, mò ń wọ̀n ọ́n, ọmọ iṣẹ́ mi ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí a fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ. Ìrẹsì agolo kan, bí 130 gíráàmù. Hóró ike, bí 90. Iyanrìn gbígbẹ, bí 250. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí wẹ́wẹ́, bí 240. Bọ́ọ̀lù irin inú bẹ́ríǹ, ó lé ní 700. Tẹ́dì fúnra rẹ̀, ìyẹn aṣọ àti òwú tó wà lórí àti lápá, jẹ́ bí 350. Ó ku bí 2,450 gíráàmù tí mo gbọ́dọ̀ wá sí ikùn àti ìdí. Bó bá jẹ́ ìrẹsì, agolo 19 nìyẹn, tẹ́dì ínṣì 16 ò lè gbà á àfi kó rí bí aboyún. Ike, agolo 27. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí, agolo 10 àti díẹ̀.

Ike yìí làwọn ará òkè òkun ń lò jù. Àwọn ẹranko kéékèèké Beanie Babies tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1993, hóró ike ló wà níkùn wọn. Kì í jẹrà, omi ò ṣe é ní nǹkan. Fún tẹ́dì kékeré tí ẹ kàn fẹ́ kó lè jókòó, ó tó. Fún obìnrin mi yìí, kò tó.

Iyanrìn ni mo kọ́kọ́ gbójú lé, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ bù ú wá létí odò Asà, a sẹ́ ẹ, a fọ̀ ọ́ lómi mẹ́fà kí ẹrẹ̀ tó tán nínú rẹ̀. Ó kù ká yan án gbẹ. Ìyá ẹlẹ́pà iwájú ilé wa ní ká gbé e wá, ṣebí iyanrìn lòun náà fi ń yan ẹ̀pà, agbada sì ti wà lórí iná. A gbé e lọ. Ìyá náà yan án, ó gbẹ, kò sí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ tẹ́dì yẹn ń rùn bí ẹ̀pà yíyan, àwọn ọmọ àdúgbò ń fimú fà á. Ìyẹn tilẹ̀ kéré. Wàhálà iyanrìn ni pé kì í sinmi: hóró rẹ̀ ń lọ ara wọn, lúbúlúbú rẹ̀ á máa yọ lójú aṣọ, ẹ óò rí i lórí àga bíi pé ẹlẹ́sẹ̀ eruku kan jókòó níbẹ̀. Bó bá sì bọ́ sómi, ọjọ́ mẹ́rin ò tó kó gbẹ dénú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn amọ̀kòkò. Ẹni tó bá mọ Òkelele mọ̀ pé a kì í rìn jìnnà ká tó kan ìkòkò. Ní Dada, àwọn ìyá ń fọwọ́ mọ ọ́n títí dòní. Mo ní kí ìyá kan bá mi yí amọ̀ róbótó róbótó bí ẹ̀wà, kó sun ún mọ́ ìkòkò rẹ̀. Ó wò mí títí.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Mo ní tẹ́dì ni. Ó ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọlangidi béárì ni. Ó ní kí ló ń jẹ́ béárì. Mo rí i pé òótọ́ ló ń bá mi sọ, nítorí èmi náà ò rí béárì rí, kò sí nínú igbó wa, àwòrán rẹ̀ ni mo ń wò rán. Ó ṣáà yí amọ̀ náà fún mi, ó gba owó díẹ̀. Mo fẹ́ràn hóró amọ̀ yẹn débi pé mo fi àwo kan pamọ́ dòní. Ó wúwo ju ìrẹsì lọ, bí ẹ bá sì gbọ̀n ọ́n, ohùn rẹ̀ dà bí òjò tó fẹ́ dá lórí páànù. Àmọ́ iná gbangba tí wọ́n fi ń sun ìkòkò ò mú un le tó ohun tí mo fẹ́. Kò ju oṣù méjì lọ tí hóró fi ń jẹ ara wọn, eruku pupa sì yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́dì funfun. Bí ẹni tó ní iná ìléru tó gbóná ju bẹ́ẹ̀ bá ń ka ìwé yìí, kó dán an wò. Mo rò pé ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti irin, agolo mẹ́ta àti àbọ̀ péré ni ǹ bá nílò. Àmọ́ èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń yọ nínú bẹ́ríǹ ògbólógbòó, gíríìsì ti mu ún yó. Ẹ óò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, lọ́jọ́ tí omi bá tún kàn án, ó dípẹtà, ìpẹtà kì í sì í jáde lára aṣọ. Ìwúwo rẹ̀ tún kó jọ sójú kan. Bí ọmọ kan bá ju irú tẹ́dì bẹ́ẹ̀ lu èkejì rẹ̀, ẹ ti mọ ìyókù. Àwọn tó ń lo irin lókè òkun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí, tí kì í dípẹtà, ni wọ́n ń rà.

Òjé ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí, nítorí ẹnì kan ti dá a lábàá lójú ara mi. Ó ní òun mọ àwọn apẹja ní Jẹ́bà tí wọ́n ń so òjé mọ́ etí àwọ̀n, ó wúwo, ó rọrùn láti gé, kò sì wọ́n. Ẹ má ṣe é o. Májèlé ni òjé. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́, bó bá sì wọ ara kì í tètè jáde. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ sí agboolé, tí eruku rẹ̀ pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Kò sí àpò tí aránṣọ lè rán tí eyín ọmọ ò lè já lọ́jọ́ kan. Òjé tí àwọn olóòṣà fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, ọwọ́ àgbà ló ń wà, kì í ṣe ẹnu ọmọ ọlọ́dún méjì.

Èso igbó náà wà. Ọmọ ayò, mo rò pé á wúwo nítorí ó le bí òkúta. Mo dà á sínú omi, ó léfòó, afẹ́fẹ́ ló wà nínú. Wéréǹjéjé, pupa olójú dúdú yẹn, ẹ má jẹ́ kó dé ìtòsí ọmọ rárá, bí ọmọ bá fi eyín fọ́ ọ ó lè pa á. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni ìdò, èso dúdú róbótó tí wọ́n ń sín ṣe tẹ̀súbáà. Ọ̀bẹ ń yọ̀ lórí rẹ̀. Kódà orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un ni ọta ìbọn Íńdíà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo fi igbá kan pamọ́, kòkòrò kankan ò kàn án. Ìwúwo rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìrẹsì lọ, àmọ́ fún tẹ́dì tí kò nílò kílò, mi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìdò lẹ́yìn ilé, tó sì ní sùúrù àtiṣà á, kó ṣà á. Sùúrù yẹn ló wọ́n.

Ìlẹ̀kẹ̀ dígí ni mo parí sí. Àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní Ọjà Ọba máa ń gbá èyí tó bọ́ sílẹ̀ jọ, búlúù, pupa, funfun, èyí tí ihò rẹ̀ dí, èyí tó tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ife ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún mi. Ìlọrin kúkú ni, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ lọ òkúta pupa di ìlẹ̀kẹ̀ lántánà láyé àwọn bàbá wọn. A kì í wá ìlẹ̀kẹ̀ tì níbí. Bí mo bá délé, màá tẹ́ ẹ sórí àtẹ, màá máa fi ìka tú u. Èyí tó fọ́ tó ní ẹnu mímú, mo yọ ọ́ sọnù, yóò gé àpò. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí, mo yọ ọ́ sọnù pẹ̀lú. Mo fọ ìyókù, mo sá a sóòrùn. Dígí kì í rùn, kì í jẹrà, eku ò wá nǹkan kan lára rẹ̀. Ó máa ń tutù bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e, lẹ́yìn náà á gba ooru ara yín díẹ̀díẹ̀.

Mi ò da ìlẹ̀kẹ̀ sínú tẹ́dì bẹ́ẹ̀. Èyí gan-an ni ojú ewé yín ò sọ, ó sì ju ọ̀rọ̀ ìrẹsì lọ. Àpò inú ni mo ń rán. Kakí aṣọ ilé ìwé ni mo ń lò, nítorí ó hun dí, mo ń gba àjákù rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń rán yunifọ́ọ̀mù. Mo rán an lẹ́ẹ̀kan, mo yí i padà, mo tún rán an lórí èyí tí mo kọ́kọ́ rán. Nígbà tí mo bá bu ìlẹ̀kẹ̀ sí i tán tí mo dí ẹnu rẹ̀, màá gbọ̀n ọ́n lórí àwo tánganran funfun títí ọwọ́ á fi dùn mí. Bí ẹyọ kan bá bọ́, mo tú gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe àpò ńlá kan, ọ̀pọ̀ kéékèèké ni, kí gbogbo rẹ̀ má baà dà lẹ́ẹ̀kan bí ọ̀kan bá já. Ẹ má sì kún un dẹ́nu. Bí àpò bá kún, á le bí bọ́ọ̀lù. Ẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ìlẹ̀kẹ̀ lè rìn. Òun ló ń jẹ́ kí tẹ́dì rọ̀ sílẹ̀ sí itan ẹni. Ìdí ni mo ń fi èyí tó pọ̀ jù sí, díẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bíńtín lọ́wọ́. Orí, rárá o. Tẹ́dì tó wúwo lórí á máa wolẹ̀ bí ẹni tó ru igi jù ú lọ, ọrùn rẹ̀ ò sì ní pẹ́ já.

Òwú àràbà ni mo ń ki sórí. Àwọn àgbà ṣì rántí ìrọ̀rí àràbà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí èso rẹ̀ bá là ni mo ń rà á, a ṣa kóró rẹ̀ kúrò. Ó fúyẹ́ débi pé ẹ ò gbọdọ̀ sín nítòsí rẹ̀. Omi kì í wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó nígbà kan fún ẹ̀wù amúniléfòó inú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn Jámánì náà ti lò ó nínú tẹ́dì. Àwọn ará Steiff, ilé iṣẹ́ ọmọlangidi kan ní Jámánì tó wà lára ẹni tó kọ́kọ́ rán tẹ́dì, ní nǹkan bí 1902, igi tí wọ́n fá wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń ki sínú tiwọn, ìdí nìyẹn tí tẹ́dì àtijọ́ fi le gbagidi. Ọdún yẹn náà ni Ààrẹ Roosevelt ti Amẹ́ríkà kọ̀ láti yìnbọn fún béárì tí wọ́n so mọ́ igi, tí wọ́n fi ìnagijẹ rẹ̀, Teddy, sọ ọmọlangidi náà lórúkọ. Ẹ kàn má gbé òwú àràbà sún mọ́ àbẹ́là, iná ń tètè ràn án.

Tẹ́dì obìnrin Omù-Àrán gba ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó ku gíráàmù mẹ́rin. Mo tú ojú òwú ìdí rẹ̀, mo bu ìlẹ̀kẹ̀ bí ìdajì ṣíbí tíì sí i, mo rán an padà. Ó wá lọ́jọ́ Sátidé. Kò wo ojú rẹ̀, kò wo etí rẹ̀ tí mo fi odindi ọjọ́ kan rán. Ó gbé e sí èjìká òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a nídìí, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà. Ó ní, “Màmá, ẹ ṣeun.” Mo ní Ọlọ́run á fi èyí tó máa dúró rọ́pò. Òjò ti rọ̀ ní ọdún mélòó kan láti ìgbà náà, kò tíì pè mí pé nǹkan jáde lára rẹ̀.

Èyí ò ní ká máa rán oníkílò méjì fún ọmọdé o. Ti àgbàlagbà nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má gbé ọmọlangidi kankan sí ibi tó ń sùn, ìbáà fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé mẹ́ta, mi ò fi ìlẹ̀kẹ̀ sínú tirẹ̀, nítorí bí àpò bá já, ẹnu ló ń lọ. Láti mẹ́rin sí mẹ́fà, mi ò kọjá 400 gíráàmù. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ kan tì í kúrò láyà ara rẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ lójú mi kí wọ́n ṣe é. Òwú ni mo fi ń ya ojú, kì í ṣe bọ́tìnì. Àwọn ìyá kan ń wá a fún ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, mo ń ní kí wọ́n lọ béèrè kí wọ́n tó fún mi ní ìwọ̀n. Ìlẹ̀kẹ̀ olómi, aláwọ̀ mèremère tó ń wú bí ẹ bá rẹ ẹ́, ẹ má fi í sínú ohunkóhun tí ọmọ ń fọwọ́ kàn. Bí ọmọ bá gbé e mì, inú ìfun ló ti ń wú.

Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń kó ju ìdajì owó tẹ́dì mi lọ, ìdí nìyẹn tí tèmi fi wọ́n ju ti ẹlòmíràn. Oníbàárà tó bá ráhùn, mo máa ń fi àwo hóró amọ̀ yẹn hàn án, mo máa ń sọ ti Ọ̀fà fún un. Àwọn kan ń rà, àwọn kan ń lọ.

Olóòtú, ẹ bá mi tẹ ìwọ̀n agolo wọ̀nyẹn jáde bí mo ṣe kọ ọ́, kí ẹni tó ti gé ojú ewé ìrẹsì yẹn lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè rí nǹkan lẹ̀ lé e lórí. Ẹni tó bá sì ti ta oníìrẹsì fún èèyàn, kó pe oníbàárà rẹ̀ kí òjò tó dé.

Ìyá Alábẹ́rẹ́,
Òkelele, Ìlọrin.